Bí Wọ́n Bá Ta Ọ̀mì Níbẹ̀

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì lè sọ nù. Ìwé ètò ìgbéyàwó ni, irú èyí tí ẹ̀rọ máa ń bà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí tó dáa jáde, tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú sì máa ń kó jọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣírò owó tàbí tó fẹ́ fi di ẹ̀pà. Lójú ìwé náà, orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó ti gun ara wọn. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi báírò kọ ọ́ pé: Benin 17, South Africa 15, Nàìjíríà 14. Lábẹ́ ìyẹn, ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Bí a bá nà wọ́n ní 2-0, bí South Africa bá ta ọ̀mì, ó parí." Ó wá fa ìlà méjì sábẹ́ "ó parí" yẹn.

Èmi ni mo kọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí, a sì ti fi orúkọ ọjọ́ náà ṣe àmì ire. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ kó yé mi." Mo ṣírò ẹ̀. Ó yé e. Ó yé e ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Màá padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ni. Àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ti kọ̀wé lórí oríkì, lórí ìjálá, lórí ẹkún ìyàwó àti ọfọ̀. Wọ́n ti fi yé wa pé kì í ṣe orí pépà nìkan ni iṣẹ́ ọnà ọ̀rọ̀ wà. Ó yẹ ká bu irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá ẹgbẹ́ wọn á dé ibi tí wọ́n ń lọ àbí kò ní í dé. Mò ń pè é ní ìṣirò, torí bí àwọn fúnra wọn ṣe ń pè é nìyẹn. Àmọ́ bíbu ọ̀wọ̀ fún nǹkan kì í ṣe ká máa yìn ín ṣáá. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún akéwì á sọ fún un níbi tí ewì ẹ̀ ti mẹ́hẹ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àárọ̀, ìdí fẹ́ńdọ̀ ni, láti Onípanu títí wọ Bàrígà, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró ka àkọlé ìwé ìròyìn láìra ẹyọ kan. Ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ni, pàápàá nígbà tí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́. Alẹ́, ilé ìwòran ni, abẹ́ tapólì, lórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri, tí pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ eré ọjọ́ náà sí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi mẹ́ta yìí, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fetí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ní ìlànà. Apá mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni ìrántí: olùsọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pe ọdún kan, kó pe ìlú kan, kó pe orúkọ ẹni tó gbá góòlù wọlé. Ẹni tí kò bá lè pe ọdún, wọn ò ní gbọ́ tiẹ̀. Ìkejì ni ìṣirò gan-an, níbi tí "bí" ti máa ń tẹ̀ lé "bí": bí àwa bá borí, bí àwọn yẹn bá ta ọ̀mì, bí góòlù bá tó méjì, a jẹ́ pé a ti dé ibẹ̀. Ìkẹta ni ìwúre. "Ọlọ́run á ṣe é." Gbogbo ìjókòó á ní, "Àmín." Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, gbogbo wọn ló máa ń ṣe àmín yẹn. Ká sọ tòótọ́, ó dùn-ún gbọ́.

Àgbà kan wà tó mọ apá kìíní jù nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀. Ìdí fẹ́ńdọ̀ kan ní Onípanu ló máa ń dúró sí, ìwé ìròyìn tí kò rà lábẹ́ abíyá. Kò pariwo rí. Á dúró kí àwọn ọ̀dọ́ jà títí ó fi rẹ̀ wọ́n, á wá bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo lẹ wà lọ́dún 1993?" Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Á mú wọn lọ sí Algiers, ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, níbi tí Finidi George ti gbá góòlù kan wọlé, tí Algeria dá a padà, tí ọ̀mì 1-1 yẹn sì tó láti gbé Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀mì náà á wá rí bíi pé ó sàn ju ìṣẹ́gun lọ. Bó ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ki ìdílé kan ni: orúkọ, oyè, ìlú, ìṣe.

Láti ibẹ̀, á fò wá sí 2009. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí, torí ibí yìí ni wàhálà ọnà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 2009. Ó ku eré kan ṣoṣo. Tunisia ní pọ́íǹtì 11, àwa ní 9. Nairobi la wà, Tunisia wà ní Maputo. Kenya kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé. Obafemi Martins dá a padà, Yakubu fi ìkan kún un, Kenya tún dá a padà, Martins tún gbá òmíràn wọlé, ó di 3-2. Síbẹ̀ ìyẹn nìkan ò tó. Ní Maputo, Mozambique, tí kò ní nǹkan kan mọ́ láti jèrè nínú lílọ South Africa, na Tunisia ní 1-0. Nàìjíríà 12, Tunisia 11. A wọlé.

Látọjọ́ náà, Maputo ti kúrò ní orúkọ ìlú lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wa. Ó ti di òwe. Tí nǹkan bá ti wọ́ tán pátápátá, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ ṣubú kí àwa tó lè dìde, ẹnì kan á nà ró lórí bẹ́ǹṣì, á ní, "Ẹ má gbàgbé Maputo o!" Ó ti tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Ìlú mìíràn wà tó yẹ kó máa wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é. Kigali ni. Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, ọjọ́ kan náà nínú oṣù kan náà pẹ̀lú ti Algiers, Nàìjíríà na Zimbabwe ní 5-1 ní Abuja. Ìṣirò ọjọ́ náà ni pé kí Rwanda dí Angola lọ́wọ́ ní Kigali. Rwanda sì gbìyànjú, wọ́n dì í mú títí eré fi ń lọ sópin kí Akwa tó gbá ẹyọ kan wọlé. Nàìjíríà ní 21, Angola ní 21. Àlékún góòlù tiwa ju tiwọn lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ wa sì ti gbójú lé e. Àmọ́ òfin ìdíje yẹn ní eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ara wọn gbá ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Angola ti nà wá ní 1-0 ní Luanda lọ́dún 2004, wọ́n sì bá wa ta ọ̀mì 1-1 nínú ilé wa ní Kano. Àwọn ló lọ Jámánì.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní pẹ̀lú ọnà yìí nìyẹn. Apá ìrántí ẹ̀ kì í rántí gbogbo nǹkan. Èyí tó bá ti ìwúre lẹ́yìn ló máa ń ṣà. Maputo wà lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Bàrígà, Kigali ti di ìtàn tí àgbà Onípanu pàápàá máa ń fò. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, Kigali ń kọ́?" Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni Kigali fẹ́ múnú ẹ̀ dùn?" Ìdáhùn tó dáa ni fún akéwì tó ń wá àtẹ́wọ́. Kì í ṣe ìdáhùn tó dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá a máa wọlé.

Ẹjọ́ kejì ló le jù, kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ dá a. Ìyá kan ni, tó máa ń gbé àmàlà wá fún àwọn atẹ̀wé lọ́sàn-án. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó wá kó abọ́ àná. Ó dúró lẹ́yìn wa bí mo ṣe ń kọ tábìlì náà sẹ́yìn ìwé. Ó gbọ́ "bí South Africa bá ta ọ̀mì." Ó gbọ́ pé FIFA ti yọ pọ́íǹtì 3 lọ́wọ́ South Africa lóṣù tó kọjá, torí pé wọ́n gbé Teboho Mokoena wọ eré tí kò yẹ kó gbá pẹ̀lú Lesotho, inú wa sì ń dùn bíi pé àwa la gbá góòlù. Ló bá ní:

"Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, owó tó wà lápò ẹlòmíì lẹ ń kà láti àárọ̀. Èyí tó jábọ́ lápò tiyín ń kọ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní, "Màámi, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fáwọn ọkùnrin, jàre." Ó gbé abọ́ ẹ̀, ó lọ. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ni àríwísí tó péye jù tí mo tíì gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tójú sú mi pé èmi tí mo ń pe ara mi ní alárìíwísí ò ronú kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ka owó tó jábọ́ náà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Lesotho wá sí Uyo, wọ́n bá wa ta ọ̀mì 1-1. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, Zimbabwe, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Rwanda ni wọ́n ti gbàlejò wa, ọ̀mì 1-1. Oṣù Kẹfà 2024, South Africa ní Uyo, ọ̀mì 1-1. Lọ́sẹ̀ kan náà, Benin nà wá ní 2-1 ní Abidjan. Oṣù Kẹta 2025, Zimbabwe ní Uyo, a ti ń borí, wọ́n dá a padà nígbà tí eré fẹ́ parí, ọ̀mì 1-1. Oṣù Kẹsàn-án, South Africa ní Bloemfontein, ọ̀mì 1-1. Nínú pọ́íǹtì 27 tó wà nílẹ̀ kó tó di àárọ̀ yẹn, 14 la mú. Mẹ́tàlá ló jábọ́. Mẹ́ta ló jábọ́ lápò South Africa lọ́wọ́ FIFA, a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mẹ́tàlá tiwa, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kankan.

Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó ń ṣírò bọ́ọ̀lù ń ṣe bíi babaláwo. Mi ò fara mọ́ ọn. Babaláwo kì í dá Ifá kó sọ ire, kó wá dákẹ́. Á ka ẹbọ. Ohun tí ẹni tó wá dá Ifá gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe kí ire náà tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìtàn Ifá, ẹni tó gbọ́ ẹbọ tí kò rú u, a mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe máa ń parí. Ìṣirò bọ́ọ̀lù tiwa ní ire, ó ní ìkìlọ̀, ó ní ìwúre, kò ní ẹbọ. Gbogbo "bí" tó wà nínú ẹ̀, ọrùn ẹlòmíì ló wà. Bí South Africa bá ṣubú. Bí Rwanda bá gbìyànjú. Bí FIFA bá fìyà jẹ wọ́n. "Bí àwa" wà níbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn náà sì máa ń dà bí ohun tó ti dájú: a ṣáà máa nà wọ́n.

Ẹ sì wo "wọ́n" yẹn náà. Bíríkìlà kan ń gbé ní àdúgbò wa ní Bàrígà, ará Kútọnu ni, Ègùn ni, ó sì ń sọ Yorùbá bíi tèmi àti tiyín. Ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló wà lókè tábìlì pẹ̀lú 17. Wọn ò lọ Ife Àgbáyé rí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Gernot Rohr, ẹni tó ti wà nídìí Super Eagles láti 2016 títí di 2021 kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Tó bá jẹ́ ìtàn àròsọ ni, Benin la ò bá fi ṣe akọni inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò wa, iye góòlù tí a máa gbá wọlé ni wọ́n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn ilé ìwòran lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò fọhùn. Nígbà tí a ń ṣe "Àmín", mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé òun náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ó rọra ń ṣe é sínú.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, eré méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Uyo wà nínú tẹlifíṣọ̀n, Mbombela, níbi tí South Africa ti ń gbàlejò Rwanda, wà lórí fóònù ọmọ atẹ̀wé tó jókòó ní apá ọ̀tún mi. Ní ìṣẹ́jú kẹta, Osimhen gbá àkọ́kọ́ wọlé. Tapólì fẹ́ ya. A ò tíì jókòó tán tí ọmọ yẹn fi na fóònù sí mi láìsọ̀rọ̀: South Africa ti gbá tiwọn wọlé ní ìṣẹ́jú karùn-ún. Nígbà tó fi máa di ìdajì eré, tiwa ti di 2-0, tiwọn náà ti di 2-0. Osimhen gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà ti rẹ̀. Onyeka fi ìkẹrin kún un nígbà tí àsìkò ti fẹ́ẹ̀ tán. 4-0. South Africa 3-0. South Africa 18, àwa 17, Benin 17.

Ìgbà yẹn ni mo rí ojú ọmọ yẹn. Kì í ṣe ojú ẹni tí ẹgbẹ́ ẹ̀ kò wọlé. Mo ti mọ ojú ìyẹn láti kékeré. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó sọ fún mi. Oníbàárà kan ti san owó bébà sílẹ̀ fún ìwé ètò ìsìnkú ìyá ẹ̀, òkú á wọlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó kó owó náà lọ ta tẹ́tẹ́: Nàìjíríà á borí, South Africa ò ní borí, méjèèjì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà ní ó parí." Mi ò ní ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Èmi ni mo fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀.

Àwọn ará Èkó ní àpárá kan tí wọ́n fi máa ń ṣe ẹni tí orí ẹ̀ bá pé jù: wọ́n á ní ó dà bí Délé Ṣómólú, tó ta mọ́tò mẹ́ta kó lè fi owó ẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Mo ti máa ń rò pé ẹlẹ́yà lásán ni. Ní báyìí, mo rò pé aríwísí ni. Ẹni tó ta mọ́tò mẹ́ta yẹn, ó dá mi lójú pé ó ṣírò ẹ̀ dáadáa kó tó tà á, pé gbogbo "bí" inú ìṣirò ẹ̀ ló gún régé.

Ẹnì kan lè sọ pé mo ti mú ọ̀rọ̀ eré le jù. Àwọn kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú. Wọ́n ní ìgbádùn ni, pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tí wọn ò tíì gbowó orí ẹ̀ ní Èkó, pé ẹni tí ò bá lè ra bọ́ọ̀lù lè ṣírò ẹ̀. Mo gbà. Mo gbà pé kò sí ibòmíì ní Ṣómólú tí ọ̀gá ilé ẹ̀rọ, ọmọ iṣẹ́, ọlọ́kadà àti olùkọ́ ti máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ẹni tó bá mọ ọdún àti ìlú á sì máa dárí ọ̀rọ̀, láìka owó àpò ẹ̀ sí. Mo sì gbà pé ìṣirò náà kì í ṣe irọ́. Góòlù kẹrin tí Onyeka gbá yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: nígbà tí wọ́n to àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì, pọ́íǹtì kan náà ni àwa àti Burkina Faso ní, àlékún góòlù ló fi wá sókè. Wọ́n tiẹ̀ yọ eré tí olúkúlùkù gbá pẹ̀lú ẹni tó kẹ́yìn gúrúùpù kúrò nínú ìṣirò náà, torí pé Eritrea ti jáde nínú gúrúùpù tiwọn, ẹni tó sì kẹ́yìn tiwa ni Zimbabwe. Àwọn ọ̀mì méjì tó yẹ kó dójú tì wá jù ni wọ́n fọwọ́ pa rẹ́. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe là fún wa!

Kí la fi ṣe? A na Gabon ní 4-1 ní Rabat. Ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ní Rabat kan náà, Onyeka tún gbá tiẹ̀ wọlé kí eré tó gbóná, Congo ti Kinshasa dá a padà, ó di pẹnáritì, wọ́n fi 4-3 lé wa lọ. Kò pẹ́ sí i, àjọ bọ́ọ̀lù wa kọ̀wé ẹ̀sùn sí FIFA pé àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Congo kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá fún wọn. Nídìí fẹ́ńdọ̀, ìṣirò tún sọ jí: "Bí FIFA bá lè gbọ́ ẹjọ́ wa..." Eré ti parí, "bí" ò tíì parí. Kì í tún ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan ló wà mọ́. Ó ti dé ọ́fíìsì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lásán. Bí àwọn èèyàn bá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń retí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe máa dúró dè é. Ọnà tó ń kọ́ wa láti máa wo àpò ẹlòmíì, ó ń gba àwọn tó jẹ wá ní gbèsè là. Ta ló bi akọ́nimọ̀ọ́gbá léèrè Lesotho? Ta ló bi àjọ bọ́ọ̀lù? Mokoena la mọ̀, òun la rántí orúkọ ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó yàtọ̀ sì wà nítòsí. Láti Bàrígà, ẹsẹ̀ lè gbé yín dé St. Finbarr's College ní Àkókà, ilé-ìwé tí Fadá Denis Slattery dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ lókìkí. Ibẹ̀ ni Henry Nwosu ti jáde, tó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti jáde. Ní 2013, Keshi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kí Nàìjíríà tó kojú Ivory Coast nínú ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, mo rántí bí ìṣirò ṣe lọ ní àdúgbò wa: kò sí "bí" kankan tó lè gbà wá. Àwọn kan ti ń gbèrò ẹni tí wọ́n á ṣe lẹ́yìn fún. Keshi gbé Sunday Mba àti Godfrey Oboabona wọ eré, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí. Mba gbá góòlù tó gbé Ivory Coast lọ sílé, 2-1. Mali gba 4-1. Mba tún ni, 1-0, Burkina Faso, ọjọ́ 10, oṣù Kejì, ife délé. Kò sí Maputo kankan nínú ìtàn yìí. Kò sí ẹni tó bá wa na ẹlòmíì. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í pè é tó nídìí fẹ́ńdọ̀: kò wúlò fún ẹni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ̀yin èèyàn mi dákẹ́ ìṣirò. Mi ò lè dákẹ́ òun náà. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Tí ẹ bá ń pe Maputo, ẹ pe Kigali tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń kọ pọ́íǹtì ẹlòmíì, ẹ kọ́kọ́ kọ èyí tó jábọ́ lọ́wọ́ wa sókè ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú. Kí "bí" àkọ́kọ́ jẹ́ tiwa, kó sì ṣòro. Kí ẹnì kan ka ẹbọ kí a tó ṣe àmín. Ìṣirò tó bá rí bẹ́ẹ̀ á ṣì dùn-ún gbọ́. Ẹ wo ìyá alámàlà yẹn, gbólóhùn méjì péré ló sọ, kò pe ọdún kankan, òun lọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì ń dún létí mi.

Ní ti ọmọ atẹ̀wé yẹn, mo san ìdajì owó náà, ó lọ gba bébà láwìn lọ́dọ̀ ẹlòmíì fún èyí tó kù. Kì í ṣe bébà tí oníbàárà sanwó fún, ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, èèyàn lè rí àwòrán ojú ìwé kejì láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Wọ́n sin ìyá náà lọ́jọ́ Ẹtì. Oníbàárà ò sọ nǹkan kan, kò sì padà wá mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Iná ti lọ, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣírò. Ọ̀kan nínú wọn na báírò sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá wa fà á." Mo gba báírò náà. Mo bi wọ́n pé, "Mélòó la ti sọ nù?" Wọ́n wo ara wọn. Ọmọkùnrin yẹn, kò gbójú sókè níbi tó ti ń to ìwé, òun nìkan ló dá mi lóhùn, ó sì mọ iye ẹ̀.